Ọ̀gá Tí Kò Gbọ́ Èdè Kò Lè Ṣọ́ Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo rò pé ó tó gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ó kan àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ sáíkọ́lọ́jì láàárín wa ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbí. Ó sì kan àwa yòókù tí a kò kọ́ ọ, nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí ọkàn òun yóò wúwo débi pé yóò wá olùtọ́jú lọ. Ìbéèrè náà kò gùn: nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń fi èdè Yorùbá tọ́jú ènìyàn, tí ọ̀gá tí ó ń bójú tó o kò sì gbọ́ Yorùbá, ta ni ó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà?

Èrò tèmi ni pé kò sí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Mo sì gbà pé ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, àwọn yunifásítì wọn, àti ẹgbẹ́ wa yìí wá nǹkan ṣe sí i kí ó tó di pé ẹnì kan fara gbọgbẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ yìí, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. A kì í fi ìwé kíkà nìkan di olùtọ́jú ọkàn. Ẹni tí ó bá ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé ní ẹ̀ka ìtọ́jú yóò jókòó ní kíláàsì, yóò kọ́ nípa àìsàn ọkàn àti bí a ti ń dá a mọ̀, ṣùgbọ́n láìpẹ́ wọn yóò gbé ènìyàn gidi síwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni ó ní kílíníìkì tiwọn fún èyí, níbi tí owó ìtọ́jú kì í ti í pọ̀, nítorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń ṣe é. Láti ibẹ̀ ni yóò ti lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ibòmíràn. Kí ó tó gba oyè, yóò fi odindi ọdún 1 ṣe iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní internship, tàbí ọdún 2 bí ó bá jẹ́ pé ààbọ̀ àkókò ni ó ń ṣe. Ìlànà American Psychological Association, ẹgbẹ́ tí ń fi òǹtẹ̀ lu irú àwọn ibi ìkọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ni pé ọmọ iṣẹ́ tí ó wà nínú ọdún náà gbọdọ̀ rí ọ̀gá fún wákàtí 4 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, kí 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti òun àti ọ̀gá nìkan. Ní ìpínlẹ̀ California, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọdọ̀ ti ṣe 3,000 wákàtí lábẹ́ ọ̀gá, kí 1,500 nínú rẹ̀, ó kéré tán, sì jẹ́ lẹ́yìn tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀gá yìí ni ó ni iṣẹ́. Òun ni ó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, bí nǹkan bá sì bàjẹ́, òun ni òfin yóò bi léèrè. Ìwé ìlànà ìwà ẹgbẹ́ náà pàṣẹ pé kí a sọ fún ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń tọ́jú rẹ̀, kí a sì dárúkọ ọ̀gá náà fún un.

Ètò yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní ilé, ọmọ tí ó bá lọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ kì í gé aṣọ oníbàárà lọ́jọ́ tí ó dé. Yóò gbá ṣọ́ọ̀bù, yóò lọ aṣọ, yóò rán bọ́tìnnì, ọ̀gá yóò sì máa fi ojú bá ọwọ́ rẹ̀ lọ títí di ọjọ́ tí yóò ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Ọmọ awo pẹ̀lú kì í dá dífá fún ènìyàn kí ó tó ti jókòó ti olúwo rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí ó mú kí a lè gbẹ́kẹ̀ lé ìkọ́ṣẹ́ ni pé ọ̀gá ń rí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́. Bí rírán bá yà, ó rí i. Bí ọmọ awo bá ṣi ẹsẹ kan pè, ó gbọ́ ọ, ó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn kò ní aṣọ tí a lè nà sójú oòrùn wò. Ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà fi ṣe làálàá púpọ̀ kí ọ̀gá tó lè gbọ́ ohun tí ń lọ nínú yàrá. Lightner Witmer ṣí kílíníìkì sáíkọ́lọ́jì àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Pennsylvania ní ọdún 1896, ó sì ń fi iṣẹ́ ibẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ní Berlin, ní ọdún 1920, Max Eitingon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Freud dá kílíníìkì kan sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ó ti di ìlànà pé kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ máa gbé ìtọ́jú tí ó ń ṣe wá síwájú àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá rántí, tí ó sì wù ú láti sọ, ni àgbà náà ń gbọ́. Ta ni yóò lọ fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ tí ó ṣi ọ̀rọ̀ sọ? Carl Rogers wà lára àwọn tí ó yí èyí padà. Nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn ìtọ́jú sínú àwo, ní ọdún 1942 ó sì tẹ odindi ìtọ́jú ẹnì kan jáde ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀, Counseling and Psychotherapy. Láti ìgbà náà ni ọ̀gá ti lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí ọmọ iṣẹ́ sọ, kì í ṣe ohun tí ó ní òun sọ.

Lóde òní, fídíò ni ọ̀pọ̀ kílíníìkì ń lò, àwọn mìíràn sì ní gíláàsì tí ọ̀gá lè dúró lẹ́yìn rẹ̀ láti wo inú yàrá. Ẹni tí ó wá gba ìtọ́jú gbọdọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí a tó gba ohùn rẹ̀. Ìlànà àwọn tí ń fi òǹtẹ̀ lu ètò ìkọ́ṣẹ́ sì ni pé ọ̀gá kò gbọdọ̀ gbé ìdájọ́ lé iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí àgbọ́sọ nìkan. Ó gbọdọ̀ ti rí i tàbí gbọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ Yorùbá kan tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí. Ìyá kan tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ yìí wá sí kílíníìkì. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń fi í ra ọjà, ó ń fi í ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé orí ọmọ tí ó kú àti ọkọ tí kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì tán lẹ́nu rẹ̀, ó sì bọ́ sí Yorùbá. Kí ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò ṣe? Yóò dá a lóhùn ní Yorùbá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé 300 ojú-ewé lè má rí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sọ nípa ìdí tí kò fi rí oorun sùn. Nínú kílíníìkì náà, inú gbogbo ènìyàn yóò dùn pé àwọn ní akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ èdè ìyá yìí. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀gá tan fídíò, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó wá sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Jọ̀wọ́, sọ ohun tí ẹ jọ sọ fún mi.” Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá náà ṣe padà sí ibi tí iṣẹ́ yìí wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn sílẹ̀, tí ó jẹ́ pé ìròyìn ni ó ń gbọ́. Ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìròyìn tí a ti túmọ̀ ni.

Kí ni ó ń sọnù nínú ìròyìn náà? Mo rí nǹkan mẹ́ta.

Èkíní ni “ẹ” àti “o.” Gbogbo wa mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ju “you” kan ṣoṣo. Nínú Yorùbá, ibi tí àgbà àti ọmọdé wà sí ara wọn wà nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 27 bá ń tọ́jú bàbá ẹni ọdún 60, yóò máa wí pé “ẹ,” bàbá yóò máa wí pé “o.” Kò sí àléébù níbẹ̀, àṣà wa ni. Ṣùgbọ́n bí bàbá náà bá bẹ̀rẹ̀ sí pe akẹ́kọ̀ọ́ ní “ọmọ mi,” tí ó ń rán an létí pé òun ti bí irú rẹ̀, ṣé akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò lè bi í léèrè nípa ọtí tí ó ń mu? Ṣé yóò lè béèrè bóyá ó ń na ìyàwó rẹ̀? Ọmọ tí a tọ́ dáadáa yóò fẹ́ dákẹ́. Bí ọ̀gá bá gbọ́ èdè, yóò gbọ́ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti sá fún ìbéèrè, yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń fi ọ̀wọ̀ béèrè ohun tí ó le. Bí kò bá gbọ́ ọ, ohun tí yóò rí ni pé àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara wọn ti mọlé síra wọn.

Èkejì ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ ìnira ọkàn. Ọ̀rọ̀ wa nípa orí, inú, ọkàn àti ayé kò bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Aro ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń gbóná àwọn, pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, pé ìwé tí àwọn ń kà kò wọlé mọ́. Ó pe ìnira náà ní brain fag, orúkọ náà sì wọ inú ìwé DSM-IV, tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dárúkọ àìsàn, ní ọdún 1994. Nígbà tí ìwé náà tún jáde ní ọdún 2013, kò ní àyè tirẹ̀ mọ́ nínú àkójọ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá wò ó: ọ̀gá tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí, tí a wá sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹnì kan ní nǹkan ń rìn nínú orí òun, kí ni yóò rò? Ó lè rò pé ẹni náà ti ń yí. Ẹni tí ó sì ní “ayé ń ṣọ́ mi” lè gba orúkọ àìsàn tí yóò bá a lọ ní gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí wà, àwa ọmọ Yorùbá ni ó sì kàn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ wa náà lè ṣi í. Nítorí pé ó ti gbọ́ “ayé ń ṣọ́ mi” lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, ó lè sọ fún ọ̀gá pé, “Bí a ti ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn, kò sí nǹkan kan.” Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kì í jẹun tí ìyàwó rẹ̀ bá sè mọ́, ó ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ẹni tí ó gbọ́ èdè nìkan kò tó. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ nìkan kò tó. Thomas Adeoye Lambo fi èyí hàn wá. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó sì jẹ́ oníṣègùn ọpọlọ tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Ní ọdún 1954 ó bẹ̀rẹ̀ ètò Aro, nínú èyí tí àwọn aláìsàn àti ìbátan wọn ń gbé ní àwọn abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ó tún wà nínú ẹgbẹ́ tí ó bá Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ṣe ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1963 nípa àìsàn ọkàn láàárín àwọn Yorùbá. Kò jẹ́ kí èdè gbé òun lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìwé òyìnbó di òun létí. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa ṣọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù, nítorí pé ẹ̀mí ni. A ní òwe kan tí gbogbo wa mọ̀: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. A ń sọ ọ́ nígbà tí a bá ń gba ọmọ níyànjú, a ń sọ ọ́ nínú àwàdà, a sì ń fi í gbéraga. Ẹ wá fi í sí ẹnu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ti lé kúrò ní yunifásítì, tí àwọn òbí rẹ̀ nílé ta ilẹ̀ láti fi rán an wá, tí ó ṣì ń purọ́ fún wọn lórí fóònù pé òun yóò gboyè lọ́dún tí ń bọ̀. Ó jókòó níwájú akẹ́kọ̀ọ́ wa, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ.” Ohun tí etí Yorùbá yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni òwe. Akẹ́kọ̀ọ́ náà lè mi orí, kí ó sì kọjá lọ. Nígbà tí ó bá ń ròyìn fún ọ̀gá, ó lè túmọ̀ rẹ̀ sí pé ojú ń ti ẹni náà, tàbí kí ó má tilẹ̀ mẹ́nu kàn án.

Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ni ni pé kí a dúró níbẹ̀, kí a sì béèrè láìfi bò: “Ṣé ẹ ń ronú láti pa ara yín? Ṣé ẹ ti ro bí ẹ ó ti ṣe é?” Ó le lẹ́nu wa, ó dà bí ẹni ń fi ẹnu fa ibi. Ṣùgbọ́n bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ẹni tí kò ní in lọ́kàn. Ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé yóò fún ẹni tí ó ní in láyè láti sọ ọ́. Ọ̀gá tí ó bá gbọ́ òwe náà nínú fídíò yóò dá a dúró, yóò bi akẹ́kọ̀ọ́ pé, “Kí ni ó ṣe lẹ́yìn èyí? Ibo ni ó wà lónìí?” Ọ̀gá tí kò gbọ́ ọ yóò jẹ́ kí fídíò máa lọ.

Ó rí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú nípa ìhàlẹ̀. Láti ìgbà ẹjọ́ Tarasoff, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti California dá ní ọdún 1976, ó ti di mímọ̀ pé àṣírí yàrá ìtọ́jú ní ààlà: bí ẹnì kan bá ń halẹ̀ láti ṣe ẹlòmíràn léṣe gidi, olùtọ́jú ní ojúṣe láti dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra lórí rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kan bá wá ní, “Yóò rí pupa ojú mi,” ìbínú lásán ni àbí ìhàlẹ̀? Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí ó dá èyí pinnu. Ọ̀gá tí ẹrù òfin wà lórí rẹ̀ kò sì lè pinnu ohun tí kò gbọ́.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní bí a bá ń wá ọ̀gá tí ó gbọ́ Yorùbá, àwọn ènìyàn wa kò ní rí ìtọ́jú gbà rárá, nítorí pé irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò sọ pé kí a ti ilẹ̀kùn. Àwọn ètò ìkọ́ṣẹ́ kan wà ní ilẹ̀ yìí tí wọ́n ní ọ̀gá tí ó gbọ́ Sípéènì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń fi Sípéènì ṣe ìtọ́jú. Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ni èdè náà ni ó béèrè fún un. Àwa kò tíì béèrè.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a wá ògbufọ̀ tí yóò máa sọ fún ọ̀gá. Ògbufọ̀ wúlò, ó sì sàn ju àìrí nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí àwa tí a wà níhìn-ín ti mọra wa tó. Ògbufọ̀ náà lè jẹ́ ará ìjọ ẹni tí ó ń gba ìtọ́jú, tàbí ẹni tí ó bá a jó níbi ìkómọ lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Bí aláìsàn bá ti fura sí èyí, ọ̀rọ̀ gidi kò ní jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ògbufọ̀ yóò túmọ̀ òwe ikú náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a ti dúró.

Ẹnì kan sì lè ní, “Kí ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá ń ṣe níbẹ̀? Àwọn àgbà ilé wa ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, ara sì ń tù wọ́n.” Bẹ́ẹ̀ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n àgbà ilé kò gba owó, kò kọ orúkọ àìsàn sínú fáìlì ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹbí sì ni ó ń wo ohun tí ó ń ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ wa jókòó nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà, kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Nítorí náà, mo gbé àwọn àbá wọ̀nyí kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa:

1. Kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ yìí sọ fún ọ̀gá rẹ̀ kí ó tó fi Yorùbá ṣe ìtọ́jú, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé àyè ni wọ́n fún òun láti ṣe bí ó ti wu òun ti gbàgbé pé ẹni tí ó jókòó níwájú òun ni yóò san gbèsè àṣìṣe náà.

2. Níbi tí kò bá tíì sí ọ̀gá tí ó gbọ́ èdè, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ apá kan nínú ohùn tí a gbà sílẹ̀ jáde ní Yorùbá gẹ́lẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́, kí ó kọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì sàmì sí ibi tí “ẹ” ti di “o,” ibi tí òwe wà, àti ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti dákẹ́. Kí ọ̀gá ni ó mú apá tí yóò kọ, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà mú ibi tí ó ti ṣe dáadáa nìkan.

3. Kí àwọn yunifásítì tí ó ní irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ pawọ́ pọ̀ láti sanwó fún àwọn sáíkọ́lọ́jíìsì Yorùbá tí ó ní ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ yìí, kí wọ́n máa ṣe ọ̀gá kejì láti ọ̀nà jíjìn níbi tí òfin ìpínlẹ̀ bá ti gbà á. Ọ̀gá kan lè gbọ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

4. Kí a má fi ilé sílẹ̀. Àwọn sáíkọ́lọ́jíìsì wà ní Aro àti ní UCH ní Ìbàdàn tí wọ́n ń fi Yorùbá ṣe iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́. Wọn kò lè rọ́pò ọ̀gá tí ó ní ìwé àṣẹ níhìn-ín, ẹrù òfin kò sì lè kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gba òun àti akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ tí a ti yọ orúkọ àti àmì ìdánimọ̀ kúrò nínú rẹ̀, bí ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ bá fọwọ́ sí i. Ó sì yẹ kí a san owó iṣẹ́ wọn fún wọn.

5. Kí àwa tí a ń lọ gba ìtọ́jú mọ ẹ̀tọ́ wa. Bí ẹ bá dé kílíníìkì yunifásítì, ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá. Ẹ béèrè bóyá ó gbọ́ Yorùbá, àti bí kò bá gbọ́ ọ, bí ó ti ń ṣọ́ iṣẹ́. Ẹ béèrè ẹni tí yóò gbọ́ ohùn yín tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti ìgbà tí wọn yóò pa á rẹ́. Kì í ṣe àfojúdi. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ẹ má sì tìtorí pé akẹ́kọ̀ọ́ ni kí ẹ sá: akẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀gá ń ṣọ́ dáadáa ní ojú méjì tí ń wo ọ̀rọ̀ yín dípò ẹyọ kan.

6. Kí ẹgbẹ́ wa yìí yé fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣe olùtọ́jú ọ̀fẹ́ níbi ìpàdé àti níbi àríyá. Kò tọ́ kí a fà wọ́n sí kọ̀rọ̀ láti bá wọn sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wa, kò sì tọ́ kí a bi wọ́n pé, “Ṣé lágbájá ń wá sọ́dọ̀ yín?” Ìlànà iṣẹ́ wọn ń kìlọ̀ fún wọn nípa títọ́jú ẹni tí wọ́n bá ní àjọṣe mìíràn. Bí a bá ń fi agbára mú wọn, a ń kọ́ wọn láti ṣiṣẹ́ níbi tí ọ̀gá kankan kò ti lè rí wọn.

Kí n má gbàgbé èyí: ẹni tí èrò ikú bá wà lọ́kàn rẹ̀ lónìí kò gbọdọ̀ dúró de ìgbà tí a bá ṣètò ọ̀gá tán. Nọ́ńbà 988, tí wọ́n ṣí jákèjádò Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún 2022, ṣe é pè tọ̀sán tòru. Ẹ pè é fún ara yín, ẹ sì pè é bí ẹ̀rù ọ̀rẹ́ yín bá ń bà yín.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ wa gbé ọ̀rọ̀ yìí sí iwájú ìpàdé gbogbogbòò tí ń bọ̀, kí a yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ náà yóò wà nínú rẹ̀, kí ìgbìmọ̀ náà sì kọ lẹ́tà sí àwọn ẹ̀ka sáíkọ́lọ́jì tí àwọn ọmọ wa wà. Lẹ́tà kan kò wọ́n. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí ni yóò di ọ̀gá lọ́la, tí ó bá jẹ́ pé a ṣọ́ wọn dáadáa lónìí. Nígbà náà ni ẹni tí ó bá bọ́ sí Yorùbá nínú yàrá ìtọ́jú yóò mọ̀ pé àgbà kan tí ó mọ iṣẹ́ ń gbọ́ òun.

Àyè ṣí sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí fún ẹni tí èrò rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tèmi.